Ráútà tó ń já láàárín géèmù: ẹ kọ́kọ́ mọ ibi tó ti ń já

Ìyá Ìbejì: Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará wa. Ẹ dákun, ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ ráútà yìí. Àwọn ìbejì mi kì í jẹ́ kí etí mi sinmi mọ́. Tí wọ́n bá ń gbá géèmù pẹ̀lú àwọn ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tó wà lórílẹ̀-èdè mìíràn, ibi tó bá ti dùn dé góńgó ni ìsopọ̀ á ti já. Kì í ṣe pé ó ń fà o, ó ń já ni. Tó bá ṣe díẹ̀, á tún padà fúnra rẹ̀. Bẹ́ẹ̀, tí mo bá wọn bí íntánẹ́ẹ̀tì wa ṣe yá tó, nọ́ńbà gàgàrà ló ń gbé jáde, fíìmù tí èmi ń wò kò sì dúró rí. Táíwò ní àfi kí n ra ráútà tuntun tí wọ́n ṣe fún géèmù, èyí tó ní eriali mẹ́jọ lórí. Ṣé kí n rà á ni?

Ọmọ Alágbẹ̀dẹ: Mọ̀mí, ẹ má náwó kankan. Ihò kékeré kan wà lẹ́yìn rẹ̀, ẹ fi abẹ́rẹ́ tẹ reset inú rẹ̀, ó parí.

Ẹ̀gbọ́n Oníwáyà: Àbúrò, rọra o. Kéèyàn pa ráútà kó tún un tàn, ìyẹn ò lè ba nǹkan kan jẹ́. Àmọ́ reset inú ihò yẹn máa pa gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀ rẹ́: orúkọ Wi-Fi, ọ̀rọ̀ aṣínà, àti orúkọ ìwọlé tí ilé-iṣẹ́ íntánẹ́ẹ̀tì fún wọn bó bá jẹ́ irú ìlà tó ń béèrè rẹ̀. Tí wọn ò bá ní ìwé yẹn lọ́wọ́ mọ́, gbogbo ilé ló máa wà láìsí íntánẹ́ẹ̀tì títí wọ́n á fi rí ẹni tó máa gbé fóònù ilé-iṣẹ́ náà.

Ìyá Ìbejì, ẹ kú ìfaradà. Ẹ fi owó yín sápò ná. Nọ́ńbà gàgàrà tí ẹ rí yẹn kò kan ọ̀rọ̀ yìí. Ọ̀pọ̀ géèmù kì í lò tó 1 Mbps tí wọ́n bá ń gbá a lọ́wọ́ (títọ́jú géèmù tuntun sínú ẹ̀rọ lọ̀rọ̀ ọ̀tọ̀, ìyẹn ló ń jẹ dátà). Fíìmù a máa kó apá tó kàn pamọ́ sílẹ̀ ṣáájú, ìdí nìyẹn tí ìlà fi lè já fún ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan tí ẹ ò ní mọ̀. Géèmù ò rí ohun tó máa kó pamọ́, torí ohun tí ọ̀tá fẹ́ ṣe kò tíì ṣẹlẹ̀. Kí ìránṣẹ́ tètè lọ, kó tètè bọ̀, kó má sì sọnù lọ́nà, òun nìkan ni géèmù ń wá.

Ọ̀nà náà pín sí méjì: láti ẹ̀rọ géèmù dé ráútà, àti láti ráútà dé ìta. Èyí tó bá ń já nínú méjèèjì la máa tún ṣe. Ẹni tí kò bá tíì mọ èyí tó ń já, tó wá lọ ra ráútà, tẹ́tẹ́ ló ń ta.

Ẹ gbé kọ̀ǹpútà kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ géèmù, kó wà lórí Wi-Fi kan náà. Tó bá jẹ́ Windows, ẹ ṣí Command Prompt lẹ́ẹ̀mejì kí fèrèsé méjì dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Ping ń rán ìránṣẹ́ kékeré lọ, ó sì ń ka bí ìdáhùn rẹ̀ ṣe pẹ́ tó. Nínú ọ̀kan, ẹ kọ `ping -t 192.168.1.1`. Nínú èkejì, ẹ kọ `ping -t 8.8.8.8`. Ti èkejì wà ní ìta, lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ti àkọ́kọ́ ni àdírẹ́sì ráútà yín. Tí kì í bá ṣe nọ́ńbà yẹn, ẹ wo ìwé pélébé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ìdí ráútà, tàbí kí ẹ kọ `ipconfig` kí ẹ wo iwájú "Default Gateway". Lórí Mac, ẹ yọ `-t` kúrò. Ẹ fi wọ́n sílẹ̀ kí wọ́n máa lọ, kí àwọn ọmọ máa gbá géèmù wọn. Ìgbà tó bá já gan-an ni kí ẹ sáré wá wò ó. Tí fèrèsé méjèèjì bá dákẹ́, inú ilé ni wàhálà wà. Tí ti ráútà bá ń dáhùn, tó jẹ́ 8.8.8.8 nìkan ló ń sọ "Request timed out", ìta ni. Tí kò bá dákẹ́ rárá, àmọ́ tí nọ́ńbà rẹ̀ ń fò láti 20 ms (ìdá ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú àáyá) lọ sí 300 tàbí 400, ìyẹn ní orúkọ tirẹ̀, mo máa sọ ọ́ tó bá kàn yín.

Ẹ má fi ìdáhùn ẹyọ kan tó sọnù ṣe ẹ̀rí o. Àwọn ráútà mìíràn máa ń ti ping sẹ́yìn tí ọwọ́ wọn bá dí.

Àńtí Nọ́ọ̀sì: Tèmi rèé o, Bọ̀dá: kì í já, nọ́ńbà yẹn ló ń fò. Alẹ́ nìkan, tí mo bá ti ibi iṣẹ́ dé. Ọkọ mi ní fóònù mi ló ń ba géèmù òun jẹ́. Mo ní irọ́ ni.

Ẹ̀gbọ́n Oníwáyà: Ẹ má bínú, Àńtí, ọkọ yín ló jàre. Bí fóònù yín bá ti rí Wi-Fi ilé, ó ń gbé gbogbo fọ́tò àti fídíò tí ẹ yà lọ sórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ìlà ilé púpọ̀ ló jẹ́ pé ohun tó ń wọlé yá gan-an, ohun tó ń jáde ò yá tó bẹ́ẹ̀. Fídíò yín á kún ẹnu ọ̀nà ìjáde, ráútà á ní kí gbogbo rẹ̀ tò, ìránṣẹ́ géèmù tí kò ju bíńtín á wá dúró sẹ́yìn ẹrù yín. Bufferbloat ni wọ́n ń pè é.

Ẹ kọ àdírẹ́sì ráútà sínú búráwúsà kí ẹ wọ inú rẹ̀, ẹ wá SQM, ìyẹn ètò tí kì í jẹ́ kí ẹrù ńlá dí ìránṣẹ́ kékeré lọ́nà. Tẹ́ ẹ bá rí ọ̀rọ̀ bíi CAKE tàbí fq_codel níbẹ̀, ibi tó yẹ lẹ wà. Ẹ fún un ní nǹkan bí ìdá mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá ohun tí ìlà yín ń gbé jáde gan-an: tó bá jẹ́ 20 Mbps, ẹ kọ 18. Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ fún ohun tó ń wọlé náà. Ìyára máa dín díẹ̀, fífò nọ́ńbà á sì dáwọ́ dúró. Tí ráútà yín ò bá ní SQM, ẹ sọ fún fóònù kó máa gbé fọ́tò lọ nígbà tí gbogbo èèyàn bá ti sùn. Ẹ tún yẹ kọ̀ǹpútà Windows wò, nínú Delivery Optimization: ó lè máa fi àwọn àtúnṣe tó ti gbà ránṣẹ́ sí kọ̀ǹpútà àwọn ẹlòmíràn lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹ pa á.

Àńtí Nọ́ọ̀sì: Mi ò ní jẹ́ kó ka eléyìí.

Dádì Àbíkẹ́yìn: Ẹ̀yin ará, ẹ yí DNS yín sí 1.1.1.1. Ẹnì kan sọ fún mi pé ó ń dín ping kù.

Ẹ̀gbọ́n Oníwáyà: Rárá, sà. DNS ló ń bá ẹ̀rọ wá àdírẹ́sì. Tó bá ti rí àdírẹ́sì server géèmù (kọ̀ǹpútà tí gbogbo àwọn tó ń gbá a ti ń pàdé), iṣẹ́ rẹ̀ tán, kò sí níbi tí ìjà ti ń lọ mọ́. Nǹkan tó ń pinnu ping jù ni bí server ṣe jìnnà tó. Ìmọ́lẹ̀ inú okùn fáíbà ń sáré tó nǹkan bí 200,000 kìlómítà ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Server tó bá jìnnà tó 5,000 kìlómítà, àlọ àti àbọ̀ rẹ̀ ò lè dín sí 50 ms. Kò sí eriali tó máa yí ìyẹn padà. Tí ẹbí bá wà ní ilẹ̀ méjì, kí wọ́n yan server tó bọ́ sí agbedeméjì wọn, kí ìyà náà kárí.

Ìyá Ìbejì: Ẹ̀gbọ́n, mo ti ṣe é. Fèrèsé méjèèjì ló dákẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà! Mo wá gbé fóònù mi wò, orúkọ Wi-Fi wa tó ní 5G níwájú ti pòórá pátápátá, tó fi tó ìṣẹ́jú kan. Èyí tí kò ní 5G wà níbẹ̀ ní tiẹ̀.

Ọmọ Alágbẹ̀dẹ: Microwave ni. Ó máa ń pa Wi-Fi.

Ẹ̀gbọ́n Oníwáyà: Ìgbì méjì ni Wi-Fi yín ń lò: 2.4 GHz, àti 5 GHz tí orúkọ rẹ̀ ní 5G. Microwave ń ṣiṣẹ́ lórí nǹkan bí 2.45 GHz, ìyẹn Wi-Fi 2.4 ló máa dà láàmú. Èyí tó wà nílẹ̀ ní ti Mọ̀mí ni 2.4, 5 ló lọ. Mọ̀mí, ṣé ẹ ò jìnnà sí pápákọ̀ òfuurufú, tàbí etíkun?

Ìyá Ìbejì: Bàálù ń kọjá lórí wa lójoojúmọ́. Kí ló kan bàálù?

Ẹ̀gbọ́n Oníwáyà: Ó kàn án dáadáa. Nínú 5 GHz, àwọn channel (ojú ọ̀nà tí ìgbì ń gbà) kan wà tí Wi-Fi àti radar, ẹ̀rọ tó ń fi ìgbì rédíò ṣọ́ ojú òfuurufú àti ojú omi, jọ ń lò, láti 52 títí dé àwọn 140 ó lé. Radar ló ni ibẹ̀. Àlejò ni Wi-Fi. Òfin ní ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè, Amẹ́ríkà àti ilẹ̀ Yúróòpù pẹ̀lú, ni pé tí ráútà bá gbọ́ ohun tó jọ radar, ó gbọ́dọ̀ kúrò lórí channel yẹn láàárín ìṣẹ́jú àáyá 10, kò sì gbọ́dọ̀ padà síbẹ̀ fún ìṣẹ́jú 30. Tó bá tún jẹ́ irú channel bẹ́ẹ̀ ló sá lọ, ó gbọ́dọ̀ dákẹ́ kó fetí sílẹ̀ fún odindi ìṣẹ́jú kan kó tó lè sọ̀rọ̀. Ìṣẹ́jú kan tí Wi-Fi yín fi pòórá nìyẹn. DFS lorúkọ rẹ̀. Ráútà olówó ńlá tí Táíwò fẹ́ kí ẹ rà náà máa sá bákan náà, torí òfin kan náà ló dè é.

Ẹ kọ àdírẹ́sì ráútà yẹn sínú búráwúsà, ẹ wọlé. Ẹ kọ́kọ́ lọ sí "Log", kí ẹ wá ọ̀rọ̀ "radar" tàbí "DFS" ní àkókò tó já. Lẹ́yìn náà, ẹ lọ sí Wireless, 5 GHz. Channel máa wà lórí "Auto". Ẹ yí i sí 36, 40, 44 tàbí 48. Ẹ má tíì jáde o. Ẹ wo channel width, ìyẹn bí ọ̀nà náà ṣe fẹ̀ tó: tó bá jẹ́ 160 MHz, ẹ sọ ọ́ di 80. Tó bá fẹ̀ tó 160, tí ẹ bá tiẹ̀ fi 36 sí i, apá rẹ̀ ṣì máa nà dé 64, ẹ ti tún bọ́ sọ́wọ́ radar nìyẹn. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń yí channel tí wọ́n á sì gbàgbé width.

Ìyá Ìbejì: Mo rí i!! "Radar detected", ó tò wálẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo ti fi í sí 44, width 80.

Dádì Àbíkẹ́yìn: Ṣé wáyà kọ́ ló dára jù nínú gbogbo rẹ̀?

Ẹ̀gbọ́n Oníwáyà: Òun ni, sà. Okùn Cat5e lásán ń gbé 1 Gbps dé 100 mítà, kò sí radar, kò sí microwave, kò sí Wi-Fi aládùúgbò. Ẹni tó bá lè fà á, kó fà á kó gbàgbé gbogbo èyí tí mo ti kọ lókè. Tó bá jẹ́ ilé onílé tí wọn ò jẹ́ kéèyàn lu ògiri, okùn pẹlẹbẹ wà tó ń gba abẹ́ ilẹ̀kùn. Tí ihò wáyà tẹlifíṣọ̀n coax bá wà nínú yàrá méjèèjì, ẹ̀rọ tí wọ́n ń pè ní MoCA máa gba inú rẹ̀ gbé íntánẹ́ẹ̀tì kọjá, ó sì ṣeé fọkàn tán. Powerline tó ń gba inú wáyà iná, èmi ò fi bẹ́ẹ̀ fẹ́ràn rẹ̀ fún géèmù: nínú ilé kan á dára, nínú òmíràn á máa ṣe ségesège. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ dán an wò, ẹ rà á níbi tí wọ́n ti máa gbà á padà.

Ọmọ Alágbẹ̀dẹ: Ẹ̀gbọ́n, èmi náà ti ṣe ti fèrèsé méjì yẹn. Tèmi, ráútà ń dáhùn, ìta ló ń dákẹ́. Iná pupa kan sì ń tàn lára àpótí fáíbà, wọ́n kọ LOS sábẹ́ rẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n Oníwáyà: Ìmọ́lẹ̀ ò dé inú fáíbà rẹ nìyẹn. Wo okùn tín-ín-rín tó wọ inú àpótí náà bóyá ohun kan tẹ̀ ẹ́ tàbí ó ká kọ́rọ́. Má fi ojú wo ẹnu rẹ̀ o. Bó bá gún régé tí iná náà ò kú, ọwọ́ ilé-iṣẹ́ ló kù sí. Má kàn sọ fún wọn pé géèmù ò dáa, wọ́n á ní kó o pa ráútà kó o tún un tàn. Kọ ọjọ́ àti aago tó já sílẹ̀ bó ṣe ń já, ya fọ́tò iná pupa yẹn àti fèrèsé méjèèjì, kó o sọ fún wọn pé ráútà ń dáhùn, LOS ń pọ́n. Kí wọ́n rán ẹni tó máa wọn ìmọ́lẹ̀ wá.

Ìyá Ìbejì: Láti ìgbà yẹn, kò tíì já o. Kẹ́hìndé ní kí n bá òun kí yín. Táíwò ṣì ń bínú, ó ṣì ń fẹ́ eriali mẹ́jọ.