Ọ̀bẹ àpò tí mo fẹ́ máa kó jọ: kábọ̀n ni àbí sitéènlẹ́sì? Ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Bàbá Dára, Houston

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n àti àbúrò mi. Ọ̀rọ̀ kan ń jẹ mí lọ́kàn, ẹ jọ̀ọ́ ẹ bá mi dá sí i. Ó ti pẹ́ díẹ̀ tí mo ti ń nífẹ̀ẹ́ sí àwọn ọ̀bẹ àpò ayé àtijọ́ tí wọ́n ń ṣe ní Amẹ́ríkà níbí, èyí tó ń ká sínú èèkù ẹ̀, tí kò ní lọ́ọ̀kì kankan, sípírín ẹ̀yìn ẹ̀ nìkan ló dì í mú, tó bá ń ṣí ó máa dún pá! Mo fẹ́ máa rà á díẹ̀díẹ̀ kí n lè fi sílẹ̀ fáwọn ọmọ mi. Méjì ni mo fojú sí báyìí, Case Trapper ni méjèèjì (Case ni ilé iṣẹ́ tó ṣe é, Trapper ni orúkọ irú ọ̀bẹ náà), ọ̀kan èèkù ẹ̀ yẹ́lò, wọ́n kọ CV sí i lára, èkejì èèkù eegun tí wọ́n fín, SS ni wọ́n kọ sí tiẹ̀. Ẹni tó ń tà á ní kí n má wulẹ̀ ra SS yẹn, pé ẹni tó bá mọ ọ̀bẹ kì í kó sitéènlẹ́sì jọ. Ọ̀rẹ́ mi kan níbi iṣẹ́ ní ọ̀rọ̀ ọlọ́jà lásán ni, pé Houston tí ooru àti ọ̀rinrin ibẹ̀ ò jẹ́ kéèyàn mí yìí, kábọ̀n á dógùn-ún mọ́ mi lọ́wọ́ kọ́dún tó yí. Ta ni kí n gbọ́ nínú àwọn méjèèjì? Mo fẹ́ máa fi ọ̀kan bó ọsàn àti àpù, èkejì á wà nínú dúrọ́ọ̀.

Ọmọ Alágbẹ̀dẹ

Bàbá Dára, ẹ kú ìbéèrè. Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ohun tó wà nínú irin náà kí ẹni tó ń tajà má baà dà yín lọ́kàn rú. SS tí Case kọ síbẹ̀, òun náà ni wọ́n ń pè ní Tru-Sharp, irin 420HC ni, kábọ̀n inú ẹ̀ ò ju bíi 0.45 nínú ọgọ́rùn-ún lọ ṣùgbọ́n kírómíọ̀mù ẹ̀ tó 13. Kírómíọ̀mù yẹn máa ń bá afẹ́fẹ́ ṣe awọ kan tó fẹ́lẹ́ gan-an, ojú ò lè rí i, òun ló bo irin mọ́lẹ̀ tí omi ò fi ráyè jẹ ẹ́. CV wá jẹ́ chrome vanadium, ẹ má jẹ́ kí orúkọ yẹn tàn yín o, kírómíọ̀mù inú ẹ̀ kéré débi pé kò lè dá ìpẹtà dúró, irin kábọ̀n ni pátápátá. Tẹ́ ẹ bá tún gbọ́ 1095, irin kábọ̀n míì nìyẹn tí ilé iṣẹ́ ọ̀bẹ Great Eastern Cutlery ń lò ní Titusville, Pennsylvania látìgbà tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ ní 2006, kábọ̀n ẹ̀ tó 0.95, kò sí kírómíọ̀mù níbẹ̀ tó ṣeé sọ.

Kí ló máa wá yàtọ̀ lọ́wọ́ yín? Kábọ̀n máa ń gba òkúta, ẹ máa fi pọ́n ọn díẹ̀ báyìí, ẹ ti máa gbọ́ ọ létí pé ohùn ẹ̀ ti yí padà, ẹnu ẹ̀ ti jókòó, ó sì máa pẹ́ kó tó kújú. 420HC náà rọrùn láti pọ́n torí wọn kì í jẹ́ kó le jù, ṣùgbọ́n ẹnu ẹ̀ ò ní pẹ́ tó ti 1095, ẹ máa tètè padà sórí òkúta.

Ẹ tún wo nọ́ńbà tó wà ní ìdí ojú ọ̀bẹ náà. Ti yẹ́lò á jẹ́ 3254, ti eegun á jẹ́ 6254. Nọ́ńbà àkọ́kọ́ ló ń sọ ohun tí wọ́n fi ṣe èèkù, 3 ni yẹ́lò, 6 ni eegun, èyí tó tẹ̀ lé e ni iye ojú ọ̀bẹ tó wà nínú ẹ̀, méjì, 54 tó kù ni Trapper fúnra ẹ̀. CV tàbí SS ló máa gbẹ̀yìn.

Káyọ̀dé_Ọ̀yọ́

Kábọ̀n. Ọ̀bẹ tí kò lè yí àwọ̀ padà lọ́wọ́ olówó ẹ̀, kí lèèyàn fẹ́ fi sílẹ̀ fọ́mọ níbẹ̀.

Àǹtí Sheffield

Àbúrò Káyọ̀dé, mo gbọ́ o, ṣùgbọ́n mi ò gbà. Ọ̀rọ̀ pé sitéènlẹ́sì kì í ṣe ọ̀bẹ gidi, ọ̀rọ̀ tó ti lé lọ́gọ́rùn-ún ọdún ni, ìlú tí mò ń gbé yìí gan-an ló ti bẹ̀rẹ̀. Ní 1913, Harry Brearley tó ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìwádìí irin Brown Firth ní Sheffield níbí ń wá irin tí inú ọ̀pá ìbọn ò ní tètè jẹ, ó po kírómíọ̀mù bíi 12.8 nínú ọgọ́rùn-ún mọ́ irin, ó wá rí i pé èyí ò dógùn-ún. Ó gbé e lọ bá àwọn tó ń ṣe ọ̀bẹ nínú ìlú. Irin náà le jù fún bí wọ́n ṣe ń rọ irin nígbà yẹn, wọn ò tíì mọ bí iná ẹ̀ ṣe yẹ kó rí, àwọn ọ̀bẹ àkọ́kọ́ ò mú, ni wọ́n bá ń pe Brearley ní ọkùnrin tó ń ṣe ọ̀bẹ tí kì í gé nǹkan. Orúkọ burúkú yẹn ò tíì kúrò lára sitéènlẹ́sì dòní, bẹ́ẹ̀ iná tí wọ́n ń fi ṣe é ti yí padà tipẹ́. Ẹni tó bá wá sí Sheffield kó dé Kelham Island, á rí ibi tí àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ ti ń ṣe ọ̀bẹ àti àwọn irinṣẹ́ wọn, ó wú mi lórí gan-an.

Ẹ tún wo Victorinox. Ní 1921 ni ìdílé Elsener ní Ibach, Switzerland, bẹ̀rẹ̀ sí í lo sitéènlẹ́sì, wọ́n fi inox, ìyẹn orúkọ tí àwọn Faransé ń pe sitéènlẹ́sì, lé Victoria tó jẹ́ orúkọ ìyá ẹni tó dá ilé iṣẹ́ náà sílẹ̀, òun ló di Victorinox. Ta ló máa sọ pé èèyàn kì í kó ọ̀bẹ pupa wọn yẹn jọ? Àwọn tó ń wá tàtijọ́ nínú wọn ń fi owó ńlá rà á.

Ohun kan tún wà tí mo fẹ́ kí àwọn ará wa tó wà ní UK gbọ́ dáadáa. Èyí tẹ́ ẹ lè fi sápò jáde níbí láìní ìdí, ó gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tó ń ká, kò gbọ́dọ̀ ní lọ́ọ̀kì, ojú ẹ̀ ò sì gbọ́dọ̀ ju ínǹṣì mẹ́ta lọ. Opinel No. 8 tí gbogbo èèyàn ń rà yẹn, ojú ẹ̀ jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 8.5, ó tún ní òrùka tó ń ti í, torí náà ẹ lò ó nílé, ẹ má gbé e wọ bọ́ọ̀sì. Kò kan bóyá kábọ̀n ni tàbí inox, ọlọ́pàá ò ní bi yín ní ìyẹn.

Ìyá Ìbejì, Ìbàdàn

Ẹ kú ọ̀rọ̀ o. Èmi ò mọ Case, ṣùgbọ́n kábọ̀n tẹ́ ẹ ń sọ yìí, òun náà mà la bá nílé. Ọ̀bẹ ìdáná màmá mi, alágbẹ̀dẹ ló fi irin sípírín mọ́tò rọ ọ́, tẹ́ ẹ bá fi gé ọ̀gẹ̀dẹ̀ dúdú, oje ẹ̀ á kun ojú ọ̀bẹ, kó tó di pé ẹ gé ìkẹta ó ti dúdú bí aró, ìka ọwọ́ yín náà á dúdú, tẹ́ ẹ bá sì fi gé ọsàn wẹ́wẹ́ lọ́jọ́ kejì àwọ̀ míì ló tún máa mú, ó máa ní búlúù díẹ̀. Kò sẹ́ni tó ń ha á dànù. Wọ́n á fọ̀ ọ́, wọ́n á nù ún gbẹ, wọ́n á fi epo pupa díẹ̀ pa á lójú. Èyí tí wọ́n bá gbàgbé sínú abọ́ omi mọ́jú nìkan ló ń dógùn-ún. Ṣé tiyín yàtọ̀ ni?

Ọmọ Alágbẹ̀dẹ

Màmá, kò yàtọ̀ rárá, ẹ ṣeun gan-an. Àwọ̀ dúdú àti eérú yẹn làwọn òyìnbó ọlọ́bẹ ń pè ní patina, ìpẹtà náà ni tẹ́ ẹ bá fẹ́ òótọ́ ẹ̀ ṣùgbọ́n èyí tó dúró lójú irin tí kì í jẹ ẹ́ wọlé, tó tún ń dí ọ̀nà mọ́ èyí tó pupa. Èyí tó pupa ló ń gbẹ́ ihò. Epo pupa nìkan ni mi ò ní gbà fún Bàbá Dára, torí ọ̀bẹ tó ń ká ní oríkèé, epo oúnjẹ èyíkéyìí tó bá wọ ibẹ̀ tó sì pẹ́ máa ń lẹ̀, ọ̀bẹ náà ò ní ṣí geere mọ́. Mineral oil tí wọ́n ń tà ní fámásì ni kí ẹ lò, kò ní kan, kò sì léwu fún oúnjẹ. Ẹ kán an sí oríkèé, ẹ ṣí i, ẹ pa á dé bíi mélòó kan, ẹ nu èyí tó bá jáde.

Bàbá Dára, Houston

Ẹ ṣeun o, gbogbo yín. Ọ̀rọ̀ màmá yìí wọ̀ mí lára. Ẹ jọ̀ọ́, èyí tó máa wà nínú dúrọ́ọ̀ ńkọ́? Mo ní àpò aláwọ kékeré tí mo fẹ́ máa kó wọn sí. Mo tún rí ọ̀kan tó ti gbó níbi tí wọ́n ti ń ta ẹrù bàbá àgbà kan tó kú, ojú ẹ̀ dúdú, èèkù ẹ̀ dà bíi pílásítíìkì aláràbarà, kí n fi sáńdípépà ha ojú ẹ̀ kó dán kí n tó kó o mọ́ àwọn yòókù?

Akóbẹjọ, Atlanta

Bàbá Dára, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi sáńdípépà kàn án! Ó ṣeé ṣe kẹ́ ẹ fi bẹ́ẹ̀ pa gbogbo owó tó wà lára ẹ̀. Ẹni tó ń kó ọ̀bẹ jọ máa ń wo bóyá àmì ilé iṣẹ́ tó wà ní ìdí ojú ọ̀bẹ ṣì hàn ketekete, bóyá ojú ọ̀bẹ ṣì fẹ̀ tó bí wọ́n ṣe ṣe é tàbí pípọ́n ti jẹ ẹ́ kúrò, bóyá wọ́n ti fi ẹ̀rọ dán an. Dúdú ò bà á jẹ́, dídán tí wọn ò dán nílé iṣẹ́ ló ń bà á jẹ́. Tó bá ní ìpẹtà pupa tó ṣì ń jẹ ẹ́, ẹ kán òróró sí i, ẹ fi sílẹ̀ kó rẹ̀ ẹ́, kẹ́ ẹ fi aṣọ rírọ̀ nu èyí tó bá fẹ́ kúrò, kẹ́ ẹ fi èyí tó kù sílẹ̀.

Àpò aláwọ yẹn ńkọ́, rárá o. Awọ máa ń fa ọ̀rinrin mọ́ra, kẹ́míkà tí wọ́n fi ṣe awọ náà tún máa ń jẹ irin àti bíráàsì, ní Houston ẹ máa bá a ní àwọ̀ ewé. Ẹ fi aṣọ wé e, ẹ kó sílíkà tó ń fa ọ̀rinrin sínú dúrọ́ọ̀, ẹ sì fi ìda Renaissance Wax pa ojú ọ̀bẹ náà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, òun ni British Museum ṣe fún àwọn ẹrù tiwọn.

Èèkù aláràbarà tẹ́ ẹ rí yẹn sì ń bà mí lẹ́rù. Tó bá jẹ́ ọ̀bẹ ayé 1920 sí 1940, ó lè jẹ́ celluloid, irú pílásítíìkì ayé àtijọ́ kan. Ẹ fi àtàǹpàkò ra á kẹ́ ẹ gbóòórùn ẹ̀, tó bá ń rùn kàfúrà, òun ni. Celluloid tó bá ti ń bàjẹ́ máa ń tú èéfín ásíìdì jáde, á jẹ ojú ọ̀bẹ tiẹ̀, á tún jẹ èyí tó wà nítòsí ẹ̀. Ẹ má kó o sínú dúrọ́ọ̀ kan náà mọ́ àwọn tó kù láé, ẹ fi síbi tí afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́.

Kí n wá dáhùn ìbéèrè yín gan-an. Ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn ò rò ni pé ọ̀bẹ kábọ̀n tó ń jáde lójoojúmọ́ kì í sábà dógùn-ún, torí ojoojúmọ́ náà lọwọ́ ń nù ún. Èyí tó wà nínú dúrọ́ọ̀ tí ẹnì kan ò yẹ̀ wò ló ń dógùn-ún. Torí náà ẹ yí èrò yín padà, yẹ́lò CV ni kẹ́ ẹ máa fi bó ọsàn, eegun SS ni kẹ́ ẹ fi pamọ́. Níbẹ̀rẹ̀, CV á jẹ́ kí àpù ní òórùn irin díẹ̀, tójú ẹ̀ bá ti di eérú ìyẹn á lọ. Ti owó, méjèèjì ṣì ń jáde nílé iṣẹ́ Case ní Bradford, Pennsylvania, ó pọ̀ lọ́jà, ẹ má retí pé ó máa di wúrà. Tó bá jẹ́ iye owó lẹ́ ń wò, Great Eastern ni kẹ́ ẹ máa ṣọ́, wọ́n máa ń ṣe díẹ̀, ó máa ń tán kíá, wọ́n sì máa ń tún un tà ju iye tí wọ́n rà á lọ, kábọ̀n ló sì pọ̀ jù nínú tiwọn, ẹ máa ní láti máa yẹ̀ ẹ́ wò lóṣooṣù.

Káyọ̀dé_Ọ̀yọ́

Kó fi ọtí kíkan ṣe patina náà níṣẹ́jú díẹ̀, kò ní láti dúró de ọsàn.

Akóbẹjọ, Atlanta

Àbúrò, ìyẹn dáa fún ọ̀bẹ tí wọ́n ń lò, mi ò bá ẹ jiyàn. Ṣùgbọ́n kó má ṣe é fún tuntun tó fẹ́ fi pamọ́, ẹni tó máa rà á lọ́la fẹ́ rí ojú tó jáde nílé iṣẹ́.

Àǹtí Sheffield

Ìmọ̀ràn Atlanta yìí ni mo fara mọ́. Àti pé Bàbá Dára, ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ máa rí i lọ́wọ́ yín, ìyẹn ló máa jẹ́ kí wọ́n fẹ́ ẹ.

Bàbá Dára, Houston

Ẹ kú àdúrótì o, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ yín gan-an. Méjèèjì ni màá rà, yẹ́lò á wà lápò, eegun á wọ aṣọ. Èyí tó gbó yẹn, mo padà lọ wò ó, kò rùn kàfúrà rárá, Case náà ni, CASE XX ló wà níbẹ̀, MADE IN U.S.A. wà lábẹ́ ẹ̀, àwọn àmì tódótódó (dot) kéékèèké kan wá tò lábẹ́ ìyẹn, kò sí CV, kò sí SS. Kí ni wọ́n túmọ̀ sí?

Ọmọ Alágbẹ̀dẹ

Háà, ẹ kà wọ́n kẹ́ ẹ tó sanwó! Ọdún 1970 ni Case bẹ̀rẹ̀ àmì yẹn, mẹ́wàá ni wọ́n fi sí i lọ́dún náà, wọ́n ń yọ kan kúrò lọ́dọọdún títí ó fi ku ẹyọ kan ní 1979. Ní 1980 wọ́n tún padà sí mẹ́wàá, ṣùgbọ́n wọ́n yí lẹ́tà S inú CASE padà, ó rí gbọlọgbọ̀lọ bí ìgbà tí mànàmáná bá kọ. Torí náà tí S yẹn bá rí wẹ́rẹ́ tí tódótódó ẹ̀ sì jẹ́ mẹ́fà, 1974 ni. Bí wọn ò bá kọ SS sí i láyé ìgbà yẹn, kábọ̀n ni. Ẹ ya fọ́tò ìdí ojú ọ̀bẹ náà ní ìtòsí kẹ́ ẹ fi ránṣẹ́ síbí, kẹ́ ẹ rí i pé ìmọ́lẹ̀ bọ́ sí i láti ẹ̀gbẹ́.