Èsì: “Ìjọba iléeṣẹ́”: jẹ ni àbí jẹ́?

Ẹ̀yin àgbà, ẹ̀yin ọ̀dọ́, mo kí i yín o.

Ó di ọjọ́ mẹ́ta tí mo ti ń ka “ìjọba iléeṣẹ́” tí mo sì ń pa ẹnu mọ́. Alàgbà tó gbé e kalẹ̀ fún ohun tí Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní corporate governance (ètò bí a ṣe ń darí iléeṣẹ́ tí a sì ń ṣọ́ àwọn ọ̀gá rẹ̀) jù mí lọ dáadáa, kí wọ́n fi orí jì mí. Ọ̀rọ̀ náà kò dára.

Ì + jẹ + ọba. Ètò tí kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ ara rẹ̀ di ọba nílé iṣẹ́ ni a ń wá orúkọ fún, ẹ wá lọ gbé ọba sínú orúkọ náà! Lóṣù kẹjọ ọdún 2009, Sanusi tó jẹ́ gómìnà Báńkì Àpapọ̀ nígbà náà yọ ọ̀gá àgbà báńkì márùn-ún lọ́jọ́ kan ṣoṣo, ó sì da bílíọ̀nù 420 náírà sínú àwọn báńkì náà kí wọ́n má baà dojú dé. Àwọn ọ̀gá wọ̀nyí ti yá owó owólówó fún ẹni tí kò ní san án. Kí ni àwọn yẹn ń ṣe tẹ́lẹ̀ bí kò ṣe pé wọ́n ń jọba? Nígbà tó di ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2010, Báńkì Àpapọ̀ ní ọ̀gá àgbà báńkì kò gbọ́dọ̀ lò ju ọdún 10 lọ. Ta ló ti gbọ́ ọ rí pé wọ́n fi ènìyàn jọba fún ọdún mẹ́wàá péré? Ọba a máa wàjà ni.

Alàgbà ní ọba Yorùbá kì í dá ìlú ṣe, pé Ọ̀yọ́ Mèsì ni ìgbìmọ̀ olùdarí, pé Baṣọ̀run lè kọ Aláàfin kí ilẹ̀ tó mọ́. Ibi tí ẹ ti mú mi gan-an nìyí, òun ló jẹ́ kí n pẹ́ kí n tó fèsì. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ pé iṣẹ́ Ọ̀yọ́ Mèsì ni à ń sọ, kí ló dé tí ẹ fi ẹni tí wọ́n ń ṣọ́ sọ ọ́ lórúkọ? Bí ẹni pe ajá ọdẹ ní “ọ̀yà” ni.

Ẹlòmíràn ní ṣebí kò sí ọba nínú “ìjọba àwa-ara-wa”. Òótọ́ ni. Àmọ́ “àwa-ara-wa” ló lé ọba jáde níbẹ̀. Kí ni yóò lé e jáde nínú tiyín?

Ti “ìtukọ̀” tí ọ̀rẹ́ wa tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù mú wá, nítorí pé ọkọ̀ títù ni gbòǹgbò ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì náà lédè Gíríìkì: ṣé Gíríìkì ni a wá kọ́ níbí ni? Àwọn atukọ̀ tí mo mọ̀ ní Ẹ̀pẹ́, ẹnì kan ṣoṣo ló ń di àjẹ̀ mú. (Kí ẹnikẹ́ni má sọ fún mi pé jẹ wà nínú àjẹ̀ o.)

Ohùn ni kí ẹ wò. Jẹ ọba, jọba. Jẹ́ iṣẹ́, jíṣẹ́. Jẹ́ ìhìn, jíhìn. Àmì kan péré ló wà láàárín ẹni tó jẹ oyè àti ẹni tó jẹ́ iṣẹ́ tí wọ́n rán an, àwọn onípìn-ín (àwọn tó ní ìpín nínú iléeṣẹ́) ló sì rán àwọn ọ̀gá iléeṣẹ́ níṣẹ́. Lọ́dún 1992, ìgbìmọ̀ tí Adrian Cadbury darí nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lórí ọ̀rọ̀ yìí ní kí iléeṣẹ́ tẹ̀ lé ìlànà tàbí kí ó ṣàlàyé. (Iléeṣẹ́ Cadbury ti Nàìjíríà, orúkọ kan náà, ló wá jẹ́wọ́ lọ́dún 2006 pé ọ̀pọ̀ ọdún ni ìwé ìṣirò òun ti ń bu èrè sí i.) Ìlànà ti Nàìjíríà tọdún 2018 yọ “tàbí” yẹn kúrò: ṣe é, kí o sì ṣàlàyé. Àlàyé ti di dandan. Jẹ́ nìyẹn!

Ìyá mi àgbà jẹ́ akápò ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù n’Íjẹ̀bú. Bí oṣù bá parí, wọ́n á tẹ́ ẹní, wọ́n á da owó sílẹ̀, wọ́n á ní, “Ẹ wá o, mo fẹ́ jíyìn.” Wọn kò mọ̀wé. N kò gbọ́ kí wọ́n sọ pé àwọn ń jọba lórí owó ẹgbẹ́.

Nítorí náà, “ìdarí ajíhìn” ni mo fà kalẹ̀. Bó bá gùn jù, ẹ gé e.

Ẹni tó sì ní kò sí “jíyìn”, pé “jíhìn” nìkan ló tọ̀nà, n óò dá a lóhùn lọ́jọ́ mìíràn. Ìyá mi àgbà kò ṣi ọ̀rọ̀ sọ. Ẹ̀yin tí ẹ ń kọ “onípín”, ìpín ló wà níbẹ̀ o, ìsàlẹ̀ rẹ̀ kò gbé: onípìn-ín. Ẹ̀ẹ̀mẹta nìyí tí mo ti sọ ọ́.