Ẹ sọ ìrírí yín: nígbà tí wọ́n ń fi ẹ̀rọ ṣọ́ aláìsàn láti ọ̀nà jíjìn

Àbíkẹ́yìn:
Ó ti lé lọ́dún kan báyìí tí àwọn nọ́ọ̀sì ti ń fi ẹ̀rọ ṣọ́ Màámi nínú ilé. Ọkàn wọn kò lágbára mọ́ láti ti ẹ̀jẹ̀ káàkiri ara bó ṣe yẹ, ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n sì ti dá wọn dúró sílé ìwòsàn kí ètò yìí tó bẹ̀rẹ̀. Nǹkan mẹ́ta ni wọ́n kó fún wa: òṣùwọ̀n, ẹ̀rọ tó ń wọn ìfúnpá, àti kékeré kan tó ń há mọ́ ìka láti wo ọ́síjìn inú ẹ̀jẹ̀. Fóònù ló ń gba èsì, òun ló sì ń fi í ránṣẹ́.

N kò ka òṣùwọ̀n yẹn sí rárá. Mo rò pé ìfúnpá ni gbogbo ọ̀rọ̀. Àṣé òṣùwọ̀n gan-an ni baba wọn. Bí ọkàn bá ti ń rẹ̀, omi máa ń kó jọ sára, ó sì lè hàn nínú ìwọ̀n kí ẹsẹ̀ tó wú, kí èémí tó há. Lítà omi kan, kílò kan ni. Bí kílò 2 bá gorí ìwọ̀n láàárín ọjọ́ mélòó kan, ẹ má pè é ní sísanra, omi ni. Ìdí nìyẹn tí Màámi fi ń gùn ún ní kété tí wọ́n bá jí, tí wọ́n ti tọ̀, kí nǹkan kan tó kan ẹnu wọn.

Lóṣù kẹta, kílò 2 lé sí i láàárín ọjọ́ 3. Lójú mi, ara wọn le kokooko. Wọ́n ń rẹ́rìn-ín, wọ́n ń bá mi wí pé mo ń fi òṣùwọ̀n yọ wọ́n lẹ́nu. Nọ́ọ̀sì bá pè. "Màmá, ìrọ̀rí mélòó lẹ fi sùn lánàá?" Màámi dákẹ́. Mẹ́ta ni. Wọn ò lè fi ẹ̀yìn lélẹ̀ sùn mọ́, èmi tá a jọ ń gbélé ò sì mọ̀. Dókítà bá wọn sọ̀rọ̀ lórí fídíò, ó fi kún oògùn tó ń mú wọn tọ̀, ó ní ká lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ wò nítorí kíndìnrín. Lọ́jọ́ kẹrin, ìwọ̀n ti padà sípò.

Ìbéèrè ìrọ̀rí yẹn kò kúrò lọ́kàn mi títí dòní.

Bàbá Ìbejì:
Mo bá yín dúpẹ́ o. Ẹ̀jẹ̀ ríru ni tèmi. Fún ọ̀sẹ̀ méjì gbáko, 160, 165 ni ẹ̀rọ ń gbé jáde, wọ́n bá fi kún oògùn mi. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, mo dìde, òòyì gbé mi, díẹ̀ ló kù kí n forí gbálẹ̀. Ìgbà yẹn ni dókítà mìíràn ní kí n tan kámẹ́rà, kí n wọn ọ́n lójú òun. Kò jẹ́ kí n parí ẹ̀. Etí bẹ́ẹ̀dì ni mo jókòó sí, mo gbé ẹsẹ̀ lé ẹsẹ̀, mo so ó mọ́ orí apá ẹ̀wù, mo sì ń sọ̀rọ̀ lọ. Èyí tí wọ́n fi ń di apá gan-an kéré fún mi, bó bá sì ti kéré, iye tó máa gbé jáde á ga ju bó ṣe yẹ lọ.

Ní báyìí, mo máa ń jókòó jẹ́ẹ́ fún ìṣẹ́jú 5, ẹ̀yìn á fara ti àga, ẹsẹ̀ méjèèjì á wà nílẹ̀, apá á wà lórí tábìlì lọ́gbọọgba àyà. Ẹ̀ẹ̀mejì láàárọ̀, ẹ̀ẹ̀mejì lálẹ́. 128 lórí 80 ni mo rí láàárọ̀ yìí.

Adúróti:
Ẹ̀yin tí ẹ ń lo ti ìka, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ tèmi. Lọ́dún 2021, kòrónà mú ẹ̀gbọ́n mi. Àwọn tó ń ṣọ́ wọn ní kí wọ́n dúró sílé, àfi bí ọ́síjìn bá lọ sílẹ̀ ju 92 lọ. 94 ni ẹ̀rọ ń gbé jáde. Ṣùgbọ́n bí ẹ̀gbọ́n mi bá rìn dé balùwẹ̀, wọn ò ní lè parí gbólóhùn kan. Mo pè, ẹni tó gbé e ní 94 dára. Mo tún pè, ọ̀rọ̀ kan náà ni. Mo gbé wọn lọ fúnra mi. Ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n fà fi hàn pé 86 ni.

Ìmọ́lẹ̀ ni ẹ̀rọ yẹn ń tàn gba inú ìka kọjá, àwọ̀ dúdú sì lè mú kó ṣì í kà. Ìwádìí kan tó jáde ní Amẹ́ríkà lọ́dún 2020 rí i pé àìtó ọ́síjìn tí ẹ̀rọ náà kò rí lára aláwọ̀ dúdú fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po mẹ́ta ti aláwọ̀ funfun. FDA, àjọ tó ń bójú tó oúnjẹ àti oògùn níbẹ̀, ṣe ìkìlọ̀ lé e lórí ní 2021. Ó dùn mí pé ẹnikẹ́ni ò sọ fún wa.

Nọ́ọ̀sì Àgbà:
Adúróti, ẹ kú ìrọ́jú. Ibi tí wọ́n ti ń gba èsì yín ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Ọ̀pọ̀ ìkìlọ̀ tó ń dún létí wa ni kò ní àìsàn nínú: bátìrì tó fẹ́ kú, ọwọ́ tó tutù, èékánná tí wọ́n kùn, ọmọ-ọmọ tó gun òṣùwọ̀n ìyá àgbà. Àárín wọn la ti ń wá ẹni tí ara rẹ̀ kò yá lóòótọ́. Ẹ bá wa kọ bí ara ṣe rí mọ́ èsì. "Mi ò sùn lánàá" lásán ti tó láti jẹ́ kí n gbé fóònù.

Ọkùnrin kan fi èsì ránṣẹ́ láago 2 òru, ó kọ ọ́ pé àyà ń dun òun, ó sì ń retí ìdáhùn. A kì í ṣiṣẹ́ lóru. Aago 8 ni mo rí i. Ó yè é, ṣùgbọ́n wákàtí 6 ló fi dúró dè wá. Ẹ bi àwọn tó ń ṣọ́ yín ní aago tí wọ́n ń wọlé àti èyí tí wọ́n ń ṣíwọ́. Bí àyà bá ń dunni, nọ́ńbà pàjáwìrì ni kẹ́ ẹ pè.

Àbíkẹ́yìn:
Mo pè wọ́n lẹ́yìn tí mo ka èyí. Aago 8 àárọ̀ sí aago 6 ìrọ̀lẹ́ ni. Odindi ọdún kan, mo rò pé wọ́n ń ṣọ́ Màámi mọ́jú. Mo ti kọ nọ́ńbà pàjáwìrì gàdàgbà, mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri níwájú bẹ́ẹ̀dì wọn.