Ẹ má jẹ́ ká pè é ní oògùn afọ̀jẹ̀

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. "Oògùn afọ̀jẹ̀" tẹ́ ẹ dá lábàá pé ká máa fi pe wáfárìn àti hẹ́párìn, àwọn oògùn tí kì í jẹ́ kẹ́jẹ̀ dì, dùn létí lóòótọ́, àmọ́ èmi ò lè fọwọ́ sí i, torí nǹkan tójú mi rí nílé wa n'Iléṣà.

Àǹtí ìyá mi ni kídìnrín ń yọ lẹ́nu, ṣúgà wà ńbẹ̀, ọgbẹ́ inú náà wà ńbẹ̀, ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ ni wọ́n ń lọ sídìí ẹ̀rọ, ẹ sì mọ ohun táwa ń pe ìyẹn: "wọ́n ń fọ ẹ̀jẹ̀ fún màmá." Ìgbà tẹ́sẹ̀ òsì wá wú, dókítà ní ẹ̀jẹ̀ ti dì nínú iṣan, pé tó bá já tó gba inú ọkàn bọ́ sí ẹ̀dọ̀fóró, ó lè pa èèyàn, wọ́n bá kọ wáfárìn. Ẹni tó kó oògùn lé wọn lọ́wọ́ ní ó ń fọ ẹ̀jẹ̀ ni. Màmá ní kí la tún ń náwó sẹ́rọ fún nígbà tóògùn oníhóró ti ń fọ̀ ọ́! Ká tó mọ̀ pé wọn ò lọ mọ́, gbogbo ara ti wú. (Hẹ́párìn yìí kan náà ni wọ́n sì máa ń fi sí rọ́bà ẹ̀rọ yẹn kẹ́jẹ̀ má baà dì ńbẹ̀, ẹ ò rí i bó ṣe lọ́ pọ̀.)

Wáfárìn ò fọ nǹkan kan o, kò tiẹ̀ yọ́ ẹ̀jẹ̀ tó ti dì, ara fúnra ẹ̀ ló ń yọ́ ìyẹn díẹ̀díẹ̀, iṣẹ́ tiẹ̀ ni kí òmíràn má dì. Tó bá sì pọ̀ jù, ọgbẹ́ inú á máa ṣẹ̀jẹ̀, ìdí tí wọ́n fi ń yẹ̀ ẹ́ wò pé kí INR, ìyẹn ìwọ̀n bẹ́jẹ̀ ṣe ń pẹ́ tó kó tó dì, wà láàárín 2 sí 3 nìyẹn.

Ẹni tó mú "ẹ̀dì" wá láti Ifẹ̀ pé ká fi pe ẹ̀jẹ̀ tó bá dì, ṣé kí aláìsàn rò pé wọ́n di òun lẹ́dì ni? "Ẹ̀jẹ̀ dídì" ti tó, tó bá jẹ́ èyí tó há sínú iṣan, "kókó ẹ̀jẹ̀", bíi kókó inú àmàlà.

Fún oògùn, mo ní "amẹ́jẹ̀mádì". K inú fítámì K, ọ̀rọ̀ "Koagulation" ni Henrik Dam, ọmọ Denmark tó ṣàwárí ẹ̀, ti mú un, ẹ̀jẹ̀ dídì náà ni, fítámì ọ̀hún ló kún inú ẹ̀fọ́, òun náà ni wáfárìn ń dí lọ́wọ́, torí ẹ̀ ni wọ́n fi ní kí Màmá má ṣe jẹ ẹ̀fọ́ rẹpẹtẹ lọ́sẹ̀ yìí kí wọ́n wá pa á tì lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Àmọ́ àbúrò mi tó jẹ́ nọ́ọ̀sì ní aláìsàn á gbọ́ "mẹ́jì" nínú "amẹ́jẹ̀mádì" yẹn, á sì lo mẹ́jì. Ó dáa, mo gbà, "ẹ̀jẹ̀-má-dì" ńkọ́?