Fláàṣì kọ́sítọ́mà kì í jáde fúnra ẹ̀ lórí dẹ́sítọ́ọ̀pù mi, ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Ìyá Ìtẹ̀wé Kàbà

Okun o, gbogbo ilé. Ẹ má bínú, ọ̀rọ̀ mi máa gùn díẹ̀. Mo ní ṣọ́ọ̀bù ìtẹ̀wé níbí ní Kàbà, dẹ́sítọ́ọ̀pù kan àti prínńtà ni mo fi ń ṣiṣẹ́, iṣẹ́ ọ̀hún ò sì ju káwọn èèyàn gbé fláàṣì wá ká bá wọn tẹ̀wé jáde lọ. Àwọn ọmọ iléèwé ń gbé project wá, àwọn tó ń wáṣẹ́ ń gbé CV wá, tó bá wá di ọwọ́ ìparí ọ̀sẹ̀, ìwé ètò ìsìnkú ló kù, ẹ ṣáà mọ bá a ṣe ń ṣòkú àgbà lọ́dọ̀ wa. Windows ló wà lórí ẹ̀rọ yìí tẹ́lẹ̀, ó wá ń falẹ̀ bí ìgbín, àbúrò kan tó mọ kọ̀ǹpútà dáadáa bá mi yọ ọ́ dà nù ó fi Debian sí i, ìyẹn irú Linux kan, pẹ̀lú Xfce tó jẹ́ dẹ́sítọ́ọ̀pù tó fúyẹ́. Kí n má parọ́, ẹ̀rọ náà ń sáré báyìí.

Wàhálà tó kù ni ti fláàṣì. Tí mo bá kì í bọ̀ ọ́, iná ara fláàṣì á tàn, á máa ṣẹ́jú, àmọ́ kò sóhun tó máa jáde lójú kọ̀ǹpútà rárá. Kí àbúrò yẹn tó padà sí Lọ́kọjá ó kọ command kan fún mi sórí bébà, mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara mọ́nítọ̀: sudo mount /dev/sdb1 /mnt. Ó ní mount yẹn ló ń ṣí fláàṣì, pé sdb1 lorúkọ tí ẹ̀rọ fún un. Ó ń ṣiṣẹ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n nígbà míì sdb1 kọ́, sdc1 ni, tí mo bá sì rí i ṣí tán tí mo fẹ́ kó fáìlì sínú fláàṣì ọ̀hún, ó máa ní mi ò láṣẹ. Kọ́sítọ́mà á dúró tì mí lọ́rùn, èmi á máa tẹ password. Ọmọbìnrin tó ń bá mi jókòó ní ṣọ́ọ̀bù, mi ò lè fún un ní password torí kò tíì pẹ́ lọ́dọ̀ mi, ìyẹn ni pé tí mi ò bá sí nílé, iṣẹ́ dúró nìyẹn.

Mo fẹ́ kó jẹ́ pé téèyàn bá ti ki fláàṣì bọ̀ ọ́, kó ṣí. Mo tún ní hard disk kan tó ń wà lára ẹ̀rọ náà nígbà gbogbo, òun ni mò ń kó iṣẹ́ pamọ́ sí, mo fẹ́ kóun náà máa ṣí fúnra ẹ̀ tí mo bá tan kọ̀ǹpútà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ràn mí lọ́wọ́.

Ọmọ Ìsánlú

Okun o, Àǹtí. Èyí ò le. Ẹ ṣí fáìlì kan tó ń jẹ́ /etc/fstab, ibẹ̀ ni ẹ̀rọ ti ń wo ohun tó yẹ kó ṣí, kẹ́ ẹ kọ fláàṣì yẹn sí i, ó parí. Gbogbo ìgbà ló máa ń mount.

Tísà Ẹ̀gbẹ̀

Ọmọ Ìsánlú, fláàṣì wo lo fẹ́ kí wọ́n kọ sí i? Ti gbogbo Kàbà? UUID, ìyẹn nọ́ńbà ìdánimọ̀ tó wà lára fláàṣì kan, yàtọ̀ sí ti èkejì, fstab wà fún ohun tíwọ fúnra ẹ mọ̀ tó sì ń padà wá. Èyí tẹ́nì kan gbé wá lẹ́ẹ̀kan tí kò tún ní gbé wá mọ́, kò ní nǹkan kan ṣe níbẹ̀. Tó o bá sì ní kí wọ́n kọ /dev/sdb1 síbẹ̀ dípò UUID, ṣé o ò rí i pé Àǹtí ti sọ pé ó ń yí sí sdc1?

Hard disk tiwọn ni fstab dáa fún.

Ọ̀gá Biznẹ́ẹ̀sì

Ẹ padà sí Windows yín jàre. Ta ló fẹ́ máa kọ command nítorí fláàṣì.

Ẹ̀gbọ́n Mọ̀pà

Kò sídìí fún pípadà sí Windows, wọ́n ní ẹ̀rọ ń sáré. Àbúrò mi Ìyá Ìtẹ̀wé, jẹ́ n ṣàlàyé fún ẹ kó lè yé ẹ, torí tó bá yé ẹ lónìí o ò ní máa wá ẹni tó máa tún un ṣe lọ́jọ́ míì.

Linux rí fláàṣì rẹ. Iná tó ń ṣẹ́jú yẹn nìkan kọ́ ni mo fi mọ̀, pé o lè fọwọ́ mount ẹ fi hàn pé ó rí i. Ṣùgbọ́n rírí yàtọ̀, ṣíṣí yàtọ̀. Kernel, ìyẹn ọkàn Linux gan-an, á sọ pé nǹkan kan ti wọlé, kì í kọjá ibẹ̀. Ẹni tó ń ṣí i ni udisks2, ẹni tó ń bá dẹ́sítọ́ọ̀pù sọ ọ́ ni gvfs, tó bá sì jẹ́ Xfce, ẹni tó ń pàṣẹ pé kí wọ́n ṣí i lójú ẹsẹ̀ ni thunar-volman. Tí ọ̀kan ò bá sí níbẹ̀, o máa ki fláàṣì títí, kò sẹ́ni tó máa dá ẹ lóhùn. Lórí Debian, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yìí wà lára àwọn tí wọ́n ń pè ní recommends, wọn kì í ṣe dandan. Mo fura pé àbúrò tó bá ẹ ṣe é fẹ́ kí ẹ̀rọ fúyẹ́, ó wá lo --no-install-recommends, ìyẹn ló fi sáré, ìyẹn náà ló fi gbàgbé fláàṣì. Mi ò bá a wí o, ìmọ̀ràn rere ni fún ẹ̀rọ tó ti pẹ́.

Ti àìláṣẹ tó o sọ, FAT32, ìyẹn ọ̀nà tí wọ́n gbà to fáìlì sórí ọ̀pọ̀ fláàṣì, kò mọ ẹni tó ni fáìlì. Ẹni tó bá mount ẹ̀ ni Linux máa kà sí olówó ẹ̀. O lo sudo, root tó jẹ́ ọ̀gá pátápátá lórí ẹ̀rọ ló mount ẹ̀, root ló ni ín, ìwọ wá di àlejò. Tí udisks2 bá ṣe é fún ẹ, orúkọ ẹni tó jókòó sídìí kọ̀ǹpútà ló máa fi ṣí i, kò sì ní bèèrè password. Ọmọbìnrin rẹ náà á lè ṣe é.

Ṣe èyí, íntánẹ́ẹ̀tì fóònù rẹ tó o: sudo apt install thunar-volman gvfs udisks2

Tó bá parí, ṣí Thunar, ìyẹn ibi tó o ti ń wo fáìlì, lọ sí Edit, Preferences, Advanced. O máa rí Enable Volume Management, fi àmì sí i, kó o wá tẹ Configure tó wà níbẹ̀. Ibẹ̀ lo ti máa rí Mount removable drives when hot-plugged, àti Mount removable media when inserted, àti Browse removable media when inserted. Fi àmì sí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Auto-run programs tó wà nísàlẹ̀ wọn, má fọwọ́ kàn án láéláé, fláàṣì àwọn èèyàn ló ń wọ ṣọ́ọ̀bù rẹ. Log out, kó o log in padà.

Ìyá Ìtẹ̀wé Kàbà

Ẹ̀gbọ́n, Ọlọ́run máa fún yín lẹ́mìí gígùn! Ó ti ń ṣí! Bí mo ṣe kì í bọ̀ ọ́ báyìí ni fèrèsé já wàá síta, orúkọ fláàṣì wà ní ẹ̀gbẹ́ òsì, mo wo òkè mo rí /media pẹ̀lú orúkọ mi. Mo ti ya bébà ara mọ́nítọ̀ yẹn dà nù.

Àmọ́ ohun kan ṣẹlẹ̀. Bàbá kan láti Ìyàrà gbé hard disk wá, àwòrán màmá wọn tó kú ló wà nínú ẹ̀, wọ́n fẹ́ fi ṣe ìwé ètò, ó ní òun ò ṣí. Ó ń sọ nǹkan bíi unsafe state, pé kí n lọ resume Windows. Èmi tí mi ò ní Windows mọ́. Wọ́n ń bọ̀ lọ́la.

Tísà Ẹ̀gbẹ̀

Ìyẹn ò kan ṣọ́ọ̀bù yín, Àǹtí, láti ilé Bàbá ló ti wá. Windows ayé ìsìnyí ní nǹkan tó ń jẹ́ Fast Startup, tẹ́ ẹ bá ní kó kú, kì í kú tán, ó máa ń sùn díẹ̀ kó lè tètè jí. Hard disk tó jẹ́ NTFS, ìyẹn ọ̀nà tí Windows ń gbà to fáìlì, tí wọ́n bá fà yọ nígbà yẹn, ó ṣì gbà pé Windows ń lo òun lọ́wọ́, Linux ò sì ní fẹ́ fọwọ́ kàn án kó má baà ba nǹkan jẹ́. Ẹ sọ fún Bàbá kí wọ́n kì í padà sára láptọ́ọ̀pù wọn, kí wọ́n di Shift mú bí wọ́n ṣe ń tẹ Shut down, kí wọ́n jẹ́ kó kú pátápátá, kí wọ́n tó yọ ọ́. Restart gan-an máa ń ṣe é torí Fast Startup kì í dá sí restart.

Ọmọ Ìsánlú

Àbí kẹ́ ẹ kàn lo ntfsfix, command tó ń tún NTFS ṣe láti orí Linux, kíá ni.

Ẹ̀gbọ́n Mọ̀pà

Lórí hard disk tìẹ, kò burú. Lórí èyí tí àwòrán màmá olóògbé wà, tí ò sì sí ẹ̀dà kankan níbòmíì? Jọ̀ọ́, àbúrò. Jẹ́ kí Bàbá lọ ilé lọ ṣe é.

Ọmọ Ìsánlú

Ẹ̀gbọ́n, mo ti gbọ́.

Tísà Ẹ̀gbẹ̀

Àǹtí, ẹ jẹ́ ká wá ṣe ti hard disk yín. Ẹ tẹ lsblk -f, ẹ máa rí nọ́ńbà gígùn kan lábẹ́ UUID níwájú hard disk yẹn, ẹ dà á kọ. Ẹ ṣe fódà: sudo mkdir /mnt/ipamo. Tó bá jẹ́ pé NTFS ló ṣì wà lórí ẹ̀ láti ìgbà Windows, ìlà tẹ́ ẹ máa fi sí ìsàlẹ̀ /etc/fstab nìyí:

UUID=nọ́ńbà_yín /mnt/ipamo ntfs-3g uid=1000,gid=1000,nofail,x-systemd.device-timeout=10 0 0

Tó bá sì ti jẹ́ ext4, ìyẹn ti Linux, ẹ fi ext4 rọ́pò ntfs-3g, kẹ́ ẹ sì yọ uid àti gid kúrò.

Ẹ má ṣe yọ nofail yẹn o. Mo ti rí i ní ṣọ́ọ̀bù kan rí: wọn ò fi nofail sí i, ẹnì kan yọ hard disk lọ sílé, ní àárọ̀ ọjọ́ kejì kọ̀ǹpútà ò wọlé mọ́, ó dúró ní ìṣẹ́jú àáyá 90 ó ń retí hard disk tí ò sí níbẹ̀, ó wá lọ bọ́ sí emergency mode, lẹ́tà funfun lórí dúdú, kò sí dẹ́sítọ́ọ̀pù. Wọ́n rò pé ẹ̀rọ ti bàjẹ́. Tẹ́ ẹ bá kọ ọ́ tán, ẹ tẹ sudo systemctl daemon-reload, kẹ́ ẹ tẹ sudo mount -a. Tí kò bá sọ nǹkan kan, ó dáa nìyẹn. Tó bá kígbe, ẹ tún un ṣe kẹ́ ẹ tó pa kọ̀ǹpútà.

Àǹtí Sístà

Ẹ jọ̀ọ́ ẹ jẹ́ kémi náà sọ̀rọ̀, mo ń ṣe irú iṣẹ́ yìí. Kí fláàṣì máa ṣí fúnra ẹ̀ dáa, àmọ́ kì í yọ fúnra ẹ̀. Àwọn kọ́sítọ́mà á kàn na ọwọ́ fà á yọ bí wọ́n bá ti rí i pé prínńtà ti gbé bébà jáde, ẹlòmíì ò tiẹ̀ dúró kẹ́ ẹ sọ̀rọ̀ tán. Kọ̀ǹpútà máa ń fi ohun tẹ́ ẹ kó sínú memory ná kó tó kọ ọ́ sórí fláàṣì, ojú á sọ pé ó ti parí nígbà tí kò tíì parí. Ẹ tẹ àmì ọfà kékeré tó wà níwájú orúkọ fláàṣì nínú Thunar, ẹ dúró títí tó fi máa lọ, kẹ́ ẹ tó yọ ọ́. Mo sọ ọ́ di òfin ní ṣọ́ọ̀bù mi pé kọ́sítọ́mà kì í fọwọ́ ara ẹ̀ yọ fláàṣì. Wọ́n ń bínú, wọ́n á tún padà wá. Tẹ́ ò bá sì ní UPS, tí wọ́n mú iná lọ lójijì, kò sóhun tí ọfà fẹ́ ṣe, torí náà ẹ máa tètè yọ ọ́ tẹ́ ẹ bá ti ṣe tán.

Ohun míì tó máa wú yín lórí: àwọn tó bá sunkún wá pé kòkòrò shortcut ti jẹ iṣẹ́ àwọn tán, ẹ ki fláàṣì wọn bọ Debian yẹn. Lọ́pọ̀ ìgbà kòkòrò yẹn ò pa fáìlì, ó kàn ń fi wọ́n pamọ́ fún Windows ni, nígbà míì sínú fódà tí ò lórúkọ. Linux kì í ka àmì ìfipamọ́ yẹn sí, gbogbo ẹ̀ á jáde bó ṣe wà. Ẹ gba owó iṣẹ́ yín níbẹ̀.

Ìyá Ìtẹ̀wé Kàbà

Háà! Sístà, èyí tẹ́ ẹ sọ gbẹ̀yìn yẹn nìkan tó owó ilé ìtajà. Hard disk náà ti wọlé, mo pa kọ̀ǹpútà mo tún tàn án, ó wà níbẹ̀. Bàbá Ìyàrà náà ti padà wá, Shift yẹn ṣiṣẹ́.

Ìbéèrè kan péré ló kù: fídíò òkú tí kámẹ́rámáànù fún mi láti kó sínú fláàṣì àwọn ọmọ olóògbé, ó ní fáìlì ti tóbi jù, ààyè tó ṣẹ́ kù sì ju 20GB lọ.

Tísà Ẹ̀gbẹ̀

FAT32 nìyẹn, kì í gba fáìlì kan ṣoṣo tó bá tó 4GB, ààyè ì báà kún ilẹ̀. Ẹ sọ ọ́ di exFAT, irú míì tó ń gba fáìlì ńlá, Windows àti Linux ló máa kà á. Ẹ fi exfatprogs sórí ẹ̀rọ yín kẹ́ ẹ lè ṣe é. Ẹ kọ́kọ́ bi àwọn ọmọ náà bóyá nǹkan wà nínú fláàṣì tẹ́lẹ̀ o, format máa gbá gbogbo ẹ̀ lọ.

Ìyá Ìtẹ̀wé Kàbà

Mo ti pè wọ́n, wọ́n ní orin nìkan ló wà níbẹ̀, pé kí n pa á rẹ́. Mo kó orin yẹn sí /mnt/ipamo ná.