Kí la ń da lẹ́búlẹ́bú funfun sára ògiri ihò èédú fún?

Ọmọ Iṣẹ́ Tuntun:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n. Oṣù kejì mi rèé nínú ihò èédú. Ojoojúmọ́ ni wọ́n ń ní kí n da òkúta ẹfun tí wọ́n lọ̀ kúnná sílẹ̀, sára ògiri àti àjà. Ó ń kó sí mi lójú. Mo sì wo ẹ̀rọ tó ń wọn gáàsì, 0.3 nínú 100 péré ló kọ. Ṣé ó pọn dandan ni?

Ayẹ̀hòwò:
Àbúrò, ó pọn dandan. Ọdún 19 ni mo ti ń yẹ ihò wò. Ibo lo gbé ẹ̀rọ sí? Methane, gáàsì tó ń jáde lára èédú, fúyẹ́ ju afẹ́fẹ́ lọ, abẹ́ àjà ló ń sá pamọ́ sí, kò sì lóòórùn. Tó bá wà láàárín 5 sí 15 nínú 100, ẹta iná kan ti tó. Lọ́dọ̀ wa, tó bá ti pé 1, a ń pa iná ẹ̀rọ. Tó bá di 1.5, gbogbo wa ń jáde.

Ṣùgbọ́n eruku ló ń kó odidi ihò lọ. Gáàsì á bú ní kọ̀rọ̀ kan, agbára rẹ̀ á gbá eruku èédú tó sùn sílẹ̀ dìde, iná á ràn mọ́ ọn, á sì máa bá a lọ láti ọ̀nà dé ọ̀nà. Èyí tó nípọn bíi bébà lásán ti tó. Ní Courrières, ilẹ̀ Faransé, lọ́dún 1906, èèyàn 1,099 ló kú. Tí eruku òkúta bá jọ fò pẹ̀lú ti èédú, òun á gba ooru náà, iná á kú. Ìdí nìyẹn tí òfin Amẹ́ríkà fi ní kí ohun tí kò lè jó tó 80 nínú 100 eruku inú ihò.

Lánàá mo fi ìka nu irin tó gbé bẹ́líìtì tó ń kó èédú jáde ró. Funfun wà nísàlẹ̀, dúdú ti bò ó lórí. Mo dá bẹ́líìtì dúró lójú ẹsẹ̀.

Onímáṣìn:
Ẹ ṣeun, ẹ̀gbọ́n. Ẹ má gbàgbé eyín ẹ̀rọ tó ń gé èédú o. Tó bá ti kú, tó ń ha òkúta, iná ń ta pàrà. Kí ojú omi tó ń wọ́n sí i má sì dí. Àwọn tó yẹ Upper Big Branch, ihò èédú kan ní Amẹ́ríkà, wò, níbi tí èèyàn 29 kú sí lọ́dún 2010, bá eyín tó ti jẹ àti ojú omi tí kò sí níbẹ̀ mọ́.

Ọmọ Iṣẹ́ Tuntun:
Ó ti yé mi báyìí. Apá kan wà tí omi ń kán sí, lẹ́búlẹ́bú ibẹ̀ ti dì. Ṣé kí n fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀?

Ayẹ̀hòwò:
Rárá o. Èyí tó ti dì kì í fò tí omi bá gbẹ, eruku èédú tó bà lé e lórí nìkan ló máa fò. Bù díẹ̀ sí àtẹ́lẹwọ́, kí o fẹ́ atẹ́gùn ẹnu sí i. Tí kò bá fò, da tuntun lé e.