Wọ́n fún mi ní ajá búlúù alámọ̀: ṣé ti Koons gidi ni?

Ìyá Ìbejì Houston

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Ọ̀rọ̀ ère ni mo gbé wá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dá sí i.

Mo tọ́jú màmá arúgbó kan fún ọdún mẹ́fà níbí. Wọ́n papò dà ní oṣù kejì. Lórí tábìlì kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé wọn ni ajá kan máa ń dúró sí, àwọ̀ búlúù tó ń dán bíi dígí. Wọ́n ṣe é bí ẹni pé bàlúùnù gígùn ni wọ́n lọ́ mọ́ra wọn, irú èyí tí wọ́n máa ń ṣe fún ọmọdé níbi ayẹyẹ ọjọ́ìbí: ẹsẹ̀ mẹ́rin, imú, etí méjì, ìrù ṣóńṣó. Tí mo bá gbé tíì màmá wá láàárọ̀, mo máa ń rí ojú ara mi ní ikùn rẹ̀. Màmá á ní kí n kọ́kọ́ kí ajá kí n tó kí àwọn.

Lẹ́yìn ìsìnkú, ọmọ wọn obìnrin pè mí, ó gbé àpótí ajá náà lé mi lọ́wọ́, ó ní ìyá òun ti sọ pé tèmi ni. Mo sunkún lọ́nà títí mo fi délé.

Ọmọ mi wò ó lórí fóònù. Ó ní Jeff Koons ni wọ́n ń pe ẹni tó ṣe é, pé ẹnì kan ti ṣèèṣì fọ́ irú rẹ̀ ní Miami, wọ́n sì ní owó rẹ̀ tó $42,000. Láti ìgbà náà ni mo ti gbé e sínú kọ́bọ́ọ̀dù láàárín àwọn gèlè mi. Mo fi tépù wọ̀n ọ́n: ó ga tó sẹ̀ǹtímítà 40. Ọkọ mi ní irú rẹ̀ pọ̀ lọ́jà, rọ́bà lásán ni, àti pé bó bá tiẹ̀ jẹ́ ojúlówó, ọkùnrin yẹn ò fọwọ́ ara rẹ̀ kan amọ̀ rí. Báwo ni mo ṣe lè mọ òtítọ́? Ṣé kí n tà á ni? Ọdún mẹ́fà ni mo fi ń fi omi ìnudígí nù ún, ẹ̀rù ìyẹn náà ń bà mí báyìí.

Adìṣọnà

Ẹ kú ìsìnkú màmá yín o, mà. Ọlọ́run á tẹ́ wọn sí afẹ́fẹ́ ire.

Iṣẹ́ mi ni pé mo ń di iṣẹ́ ọnà sínú àpótí fún àwọn gálárì ní New York, ó ti di ọdún 11. Mo ti gbé irú ajá yìí lọ́wọ́. Èyí tí ẹ ṣàpèjúwe yìí jọ Balloon Dog (Blue) tó jáde lọ́dún 2021. Ilé iṣẹ́ Bernardaud ní Limoges, ní ilẹ̀ Faransé, ló ṣe é. Tánganran ni, amọ̀ funfun tí wọ́n fi iná líle sun, tí wọ́n wá fi àwọ̀ dídán bò. Gíga rẹ̀ jẹ́ 40, gígùn rẹ̀ 48, nínípọn rẹ̀ bíi 16. Nítorí náà ìwọ̀n tẹ́ẹ kọ yẹn bá a mu, ṣùgbọ́n ìwọ̀n nìkan ò tó, torí àwọn tó ń ṣe ayédèrú náà ní tépù.

Ẹ ṣe báyìí. Ẹ tẹ́ tímùtímù sílẹ̀, ẹ bọ́ òrùka àti ẹ̀gbà ọwọ́ yín, ẹ gbé ajá náà dùbúlẹ̀. Ọwọ́ méjèèjì ni kẹ́ẹ fi gbé e lábẹ́ ikùn. Ẹ má ṣe dì í mú ní ọrùn tàbí ìrù láéláé. Tó bá jẹ́ rọ́bà, á fúyẹ́, ara rẹ̀ á tètè gba ìgbóná ọwọ́ yín. Tánganran máa ń tutù bí abọ́ tẹ́ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀. Ẹ wá wo abẹ́ rẹ̀ fún orúkọ Koons àti nọ́ńbà tó ń sọ ipò tiyín nínú 799, nítorí 799 péré ni wọ́n ṣe fún títà nínú àwọ̀ yìí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kọ nọ́ńbà náà síbí, ẹ má sì ya fọ́tò rẹ̀ sórí íntánẹ́ẹ̀tì. Àwọn tó ń ṣe ayédèrú ń wá nọ́ńbà gidi tí wọ́n máa kọ sí tiwọn.

Òótọ́ ni ọ̀rọ̀ Miami. Oṣù kejì ọdún 2023 ni, níbi ìpàtẹ Art Wynwood. Obìnrin kan tó wá wòran ló kàn án, ó já bọ́ látorí àga rẹ̀, ó sì fọ́ wẹ́wẹ́. Wọ́n ní ó ti di 798 tó kù láyé. Ẹ wá rí i pé nínú iye yẹn gan-an ni owó rẹ̀ wà: ẹnì kan lè ra ajá tó dáa bíi tiyín ní $60 lọ́jà, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó máa bá a ka èyí tó kù.

Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi owó ti irin tan yín jẹ o. Àwọn tó tóbi, tó ju mítà mẹ́ta lọ ní gíga, irin aláìdípẹtà ni. Àwọ̀ márùn-ún ni wọ́n, ọ̀kọ̀ọ̀kan fún àwọ̀ kan. Èyí tó jẹ́ àwọ̀ ọsàn ni Christie's tà ní gbàǹjo lọ́dún 2013 ní $58.4 mílíọ̀nù. Búlúù onírin wà ní ilé ọnà The Broad ní Los Angeles. Ìyẹn yàtọ̀ sí tiyín pátápátá.

Ní ti ohun tí bàbá ní ilé sọ: òótọ́ ni pé Koons kọ́ ló ń po amọ̀. Ọmọ ìlú York ní Pennsylvania ni, wọ́n bí i lọ́dún 1955, bàbá rẹ̀ ń ta àga àti tábìlì. Òun alára ti ṣiṣẹ́ ọjà títà ní Wall Street kí iṣẹ́ ọnà tó bẹ̀rẹ̀ sí í bọ́ ọ. Lọ́dún 1988 ó ní kí àwọn oníṣọ̀nà ará Ítálì ṣe ère Michael Jackson àti ọ̀bọ rẹ̀ Bubbles ní tánganran aláwọ̀ wúrà, mẹ́ta péré pẹ̀lú ọ̀kan tó jẹ́ ti ayàwòrán fúnra rẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn tà ní $5.6 mílíọ̀nù lọ́dún 2001. Ohun tí pop art ń ṣe náà nìyẹn: ó ń mú nǹkan tí gbogbo ayé ti mọ̀, gbajúgbajà olórin tàbí ohun ìṣeré ọmọdé, ó ń gbé e síbi tí wọ́n ń gbé ère ọba sí. Èmi kì í fẹ́ràn gbogbo iṣẹ́ ọkùnrin yìí, mà, ṣùgbọ́n mo fẹ́ràn ajá yẹn gan-an. Bàlúùnù tí kò níí tú afẹ́fẹ́ láéláé, síbẹ̀ tí ìkanlẹ̀ kan ṣoṣo lè pa!

Ẹ jáwọ́ nínú omi ìnudígí. Aṣọ rírọ̀ gbígbẹ ni kẹ́ẹ máa lò.

Ọmọ Òkèlele

Ẹ jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ lórí ọ̀rọ̀ ọwọ́ yìí, torí ilé amọ̀kòkò ni wọ́n ti bí mi, ní Ìlọrin.

Ìyá mi àgbà kì í dédé bẹ̀rẹ̀ ìkòkò láti orí òfìfo. Wọ́n á da ojú ògbólógbòó ìkòkò délẹ̀, wọ́n á tẹ́ amọ̀ lé ìdí rẹ̀, wọ́n á máa lù ú títí á fi gba àwòrán ti ìsàlẹ̀. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á wá fi ọwọ́ mọ ọrùn àti ẹnu rẹ̀. Nítorí náà kò yẹ ká kàn sọ pé ohun tí wọ́n fi móòdù ṣe kì í ṣe iṣẹ́. Ti Limoges, amọ̀ ṣíṣàn bí ẹ̀kọ mímu ni wọ́n ń dà sínú móòdù P.O.P.; P.O.P. á fa omi rẹ̀ mu, amọ̀ á lẹ̀ mọ́ ara rẹ̀, wọ́n á wá da èyí tó kù nù. Ìdí nìyẹn tí inú irú ère bẹ́ẹ̀ fi ṣófo. Iná ẹ̀ẹ̀kejì tí wọ́n ń sun tánganran ibẹ̀ máa ń tó 1,400 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Amọ̀ máa ń sún kì nínú iná, ẹsẹ̀ tín-ín-rín lè wọ́, ìrù lè dá. Àwọn tó mú kí ẹsẹ̀ mẹ́rin dúró lórí ilẹ̀ déédéé lẹ́yìn irú iná bẹ́ẹ̀ mọ iṣẹ́ gidi.

Ohun tó ń dùn mí ni pé orúkọ tiwọn kò sí lábẹ́ ajá náà. Ti ìyá àgbà mi náà kò sí lára ìkòkò kankan. Ìyá Ìbejì, ẹ sọ fún bàbá pé ọ̀rọ̀ wọn tọ̀nà ní ìdajì.

Olúàìná

Kẹ́ẹ tó ronú àti tà á, ẹ gba ìwé lọ́wọ́ ọmọ màmá, kó kọ ọ́ pé ẹ̀bùn ni, kó fọwọ́ sí i, kó kọ ọjọ́. Ẹ béèrè bóyá risíìtì tí ìyá rẹ̀ fi rà á ṣì wà. Ẹni tó bá fẹ́ rà á yóò béèrè bó ṣe dé ọwọ́ yín, pàápàá nígbà tó bá gbọ́ irú iṣẹ́ tẹ́ẹ ń ṣe nínú ilé náà. Kò dáa, ṣùgbọ́n bó ṣe rí nìyẹn.

Ìyá Ìbejì Houston

Ẹ ṣeun gan-an, gbogbo yín. Ọlọ́run á bá mi san án fún yín.

Ọkọ mi ló tẹ́ tímùtímù, èmi ni mo gbé ajá. Ó wúwo, ó sì tutù bí ẹ ṣe wí. Orúkọ wà níbẹ̀, nọ́ńbà náà wà níbẹ̀, mi ò kọ ọ́ síbi kankan. Ọmọ màmá kọ ìwé náà lọ́jọ́ kan náà tí mo pè é, ó tún rí risíìtì nínú fáìlì ìyá rẹ̀. Ó kọ ọ́ sínú ìwé pé ìyá òun ni ó ní kí n gbà á nítorí mo máa ń kí ajá náà lójoojúmọ́.

Mi ò tíì fẹ́ tà á. Mo ti gbé e kúrò láàárín gèlè. Ọmọ Òkèlele, mo ka ọ̀rọ̀ yín fún bàbá, wọ́n dákẹ́ díẹ̀, wọ́n wá ní ìyá àwọn náà mọ ìkòkò ní ìgbà kan.

Ọ̀kan ló kù, Adìṣọnà: fóòmù inú àpótí rẹ̀ ti ya ní igun kan. Ṣé kí n pààrọ̀ rẹ̀?

Adìṣọnà

Ẹ má pààrọ̀ rẹ̀, mà. Ẹ fi fóòmù àti àpótí sílẹ̀ bó ṣe wà, ẹ gbé e síbi tí kò ní tutù, lọ́tọ̀ sí ajá. Tẹ́ẹ bá máa kó kúrò nílé, ẹ pè mí kẹ́ẹ tó dì í.